Ọmọ Ta Ni A Fi Ń Kọ́ṣẹ́ Olórí?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà ńlá tó ti Dassa-Zoumè wá sí Savalou, tó sì gba Bantè kọjá lọ sí ìhà Bassila, yóò rí ìsọ̀ àwọn aránṣọ lẹ́bàá ọ̀nà ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dúró díẹ̀ ní ọ̀kan nínú wọn, yóò ṣàkíyèsí pé ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ oníbàárà. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń fún un. Orí bébà yìí ni yóò ti kọ́ bí a ṣe ń gé ọrùn àti bí a ṣe ń gé apá. Yóò ba bébà jẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi gún. Aṣọ oníbàárà níye lórí, ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbà á. Nítorí náà ni ọ̀gá kò ṣe jẹ́ kí ọwọ́ tí kò tíì gún kàn án.

Ní agbègbè kan náà, ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan náà pé wọ́n fi ọ̀dọ́ olùkọ́ kan jẹ olórí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan tó jìnnà sí ọ̀nà ọ̀dà. Wọ́n fún un ní ìwé ìyànsípò, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ àti òǹtẹ̀, wọ́n sì kí i kú oríire. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò ti máa pinnu ẹni tí yóò wọ kíláàsì àti ẹni tí yóò padà sílé, olùkọ́ tí yóò gba kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, àti orúkọ tí yóò wọ ìwé ìdánwò. Ẹnikẹ́ni kò fún un ní bébà sìmẹ́ǹtì. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra àtidi olùkọ́, jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí ènìyàn bá ń kọ́ iṣẹ́ olórí, ọmọ ta ni ó fi ń kọ́ ọ? Bí ó bá sì ṣàṣìṣe, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti máa ń ṣe, ta ni ó ń san gbèsè àṣìṣe náà?

Ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Bantè àti ti Savalou wà ní ìwọ̀-oòrùn ẹkùn Collines, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1999. Ilẹ̀ iṣu ni, ilẹ̀ gàrí ni, ilẹ̀ òwú àti kajú sì ni pẹ̀lú. Ìlú ńlá kò pọ̀ níbẹ̀. Abúlé àti àbà ló pọ̀, tí ẹ̀gàn àti odò sì pààlà sí àárín wọn. Ní Bantè, èdè Ìṣà, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka èdè wa, ni àwọn onílé ń sọ. Ní Savalou, níbi tí ìdílé Gbaguidi ti ń jọba, èdè Mahi ló gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Tchetti, èdè Ifè ni ẹ óò gbọ́. Àwọn Fúlàní darandaran náà ń bẹ káàkiri. Inú ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni èdè mẹ́ta lè ti pàdé lórí bẹ́ǹṣì kan, tí ìwé tó wà níwájú àwọn ọmọ náà sì jẹ́ ti èdè Faransé.

Olórí ilé-ẹ̀kọ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sí ọ́fíìsì. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun náà ní kíláàsì tirẹ̀ tó ń kọ́ nínú kíláàsì mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ láti CI títí dé CM2. Bí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, bàbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wá bèèrè ìdí tí wọ́n fi na ọmọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ètò oúnjẹ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017 dé, òun ni yóò ka àpò ìrẹsì, tí yóò sì mọ iye òróró tó kù. Òun ni yóò bá ẹgbẹ́ àwọn òbí ṣèpàdé. Òun ni yóò wá omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí kajú bá sì ń jábọ́, láti oṣù kejì lọ, òun ni yóò wo bẹ́ǹṣì tó ṣófo, tí yóò sì pinnu ohun tí yóò ṣe.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí? Ìtàn wa nínú ọ̀ràn náà kò dùn púpọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí àpò ìjọba gbẹ, wọ́n dáwọ́ gbígba olùkọ́ dúró, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pọndandan fún gbogbo ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ abúlé fúnra wọn ni ó wá olùkọ́ tiwọn, tí wọ́n ń fi owó táṣẹ́rẹ́ àti iṣu san án. Ní ọdún 2006 ìjọba fagi lé owó ilé-ìwé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ sì ya wọlé bí omi. Ní àkókò náà ni a tún ṣí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni padà. Láti ọdún 2019 ni a sì ti ń gbọ́ nípa àwọn tí a ń pè ní «aspirants au métier d'enseignant», àwọn ọ̀dọ́ tí a ń rán lọ sí kíláàsì láti dí àyè tó ṣófo. Nínú gbogbo ìgbòkègbodò yìí, bí a ó ṣe rí olùkọ́ ni ó gba ọkàn wa. Bí a ó ṣe tọ́ olórí kò rí àyè. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, lọ́pọ̀ ìgbà, pé ẹni tó bá pẹ́ jù lọ láàárín àwọn tó wà nílẹ̀ ni oyè máa ń já lé lórí. Pípẹ́ dára, ṣùgbọ́n ènìyàn lè pẹ́ lẹ́bàá odò kó má mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ohun tí mo fi ọmọ ẹlòmíràn kọ́

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí wà lára wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n fi mí jẹ olórí ilé-ẹ̀kọ́ ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Mo mọ ìkọ́ni; ohun tí n kò mọ̀ ni bí a ṣe ń ṣe olórí. Ọmọbìnrin kan wà ní CM2, ọmọ tó já fáfá, tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ rẹwà. Nígbà tí kajú dé, ó pòórá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Mo ka ọjọ́ tí kò wá, mo wo ìwé àṣẹ, mo sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí yóò ṣe ìdánwò CEP. Mo rò pé mo ń fi ẹsẹ̀ òfin múlẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ rò pé àwọn yòókù yóò fi í kọ́gbọ́n.

Kì í ṣe kajú ni ọmọ náà ń ṣà. Ìyá rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ àìsàn, òun nìkan ni ó sì wà nílé láti tọ́jú rẹ̀. Ìyá alákàrà tó ń tajà níwájú ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀. Àwọn ọmọ CE1 pàápàá mọ̀. Èmi nìkan ni n kò mọ̀, nítorí pé n kò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìyá alákàrà náà wá sọ fún mi, ìwé orúkọ ti lọ. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, mo gbọ́ pé wọ́n ti mú ọmọ náà lọ sí Nàìjíríà láti lọ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sí ìyà kan tó jẹ mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo ti yọ àwọn tí n kò dá lójú kúrò nínú ìwé, ìdá àwọn tó yege ní ilé-ẹ̀kọ́ mi ga sí i, wọ́n sì yìn mí. Mo kẹ́kọ̀ọ́ lára àṣìṣe náà, òótọ́ ni. Láti ọdún yẹn, n kò yọ orúkọ ọmọ kankan láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ mi dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jàǹfààní ẹ̀kọ́ tí mo kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ni ó san owó rẹ̀, òun kọ́ ni ó sì jẹ èrè rẹ̀. Èmi ni mo jẹ ẹ́.

Àwọn ìdáhùn méjì tí kò tó

Bí mo bá sọ ìtàn yìí, oríṣi ìdáhùn méjì ni mo sábà máa ń gbọ́.

Àwọn kan á ní: «Iṣẹ́ ni a fi ń kọ́ iṣẹ́. Kò sí olórí tí kò ṣàṣìṣe rí. Bí a bá ní kí ènìyàn má ṣàṣìṣe, a kò ní rí olórí kankan yàn.» Òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí bébà tí a lè fi ṣe abúlé. Ẹnikẹ́ni kò lè kọ́ bí a ṣe ń pẹ̀tù sí ọkàn bàbá tó ń bínú láìjẹ́ pé bàbá tó ń bínú dúró níwájú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà láàárín ìgboro, tí àwọn òbí ibẹ̀ lè kọ̀wé, tí wọ́n sì mọ ẹni tí wọn yóò fi ẹjọ́ sùn, olórí tó ti gbó ni a máa ń fún un. Abúlé tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ ni a máa ń rán ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí. Bí ó bá sì ti mọ iṣẹ́ tán, a óò gbé e lọ sí ìgboro. Bí a bá tún un sọ láìfi bò, ọmọ tálákà ni a fi ń kọ́ṣẹ́, ọmọ ẹni tó rí jájẹ ni ó ń jẹ èrè ẹ̀kọ́ náà. Pé ohun kan kò ṣeé yẹra fún pátápátá kò sọ ọ́ di ohun tó tọ́ kí ẹnìkan ṣoṣo máa rù.

Àwọn kejì á ní: «Ẹ kọ́ ọ dáadáa kí ẹ tó rán an lọ.» Ìyẹn náà dára. Ní ìlú Òǹdó, ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà tí a ń pè ní NIEPA, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́ àwọn alákòóso ètò ẹ̀kọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ ní ọdún 2000 fún àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tó di ọdún 2009, wọ́n sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tí yóò kọ́kọ́ di olórí gba ìwé-ẹ̀rí kan. Ní ọdún 2012, wọ́n mú dandan náà kúrò. N kò sọ èyí láti fi ìwé-ẹ̀rí ṣẹ̀sín. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n lówó jù wá lọ pàápàá kò fẹnu kò lórí ohun tí ìwé-ẹ̀rí lè ṣe. Ẹ̀kọ́ inú gbọ̀ngàn lè kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń kọ ìwé ìnáwó. Kò lè rán an létí, ní àárọ̀ ọjọ́ tí orúkọ ń lọ, pé kó kọ́kọ́ bi ìyá alákàrà léèrè.

Alábàárìn

Àwọn bàbá wa ti yanjú irú ọ̀ràn yìí rí, ní ibi tí àṣìṣe ti lè ba ayé ènìyàn jẹ́. Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ Ifá. Akápò ni a ń pè é, ẹni tó ń gbé àpò tẹ̀lé babaláwo. Ọdún púpọ̀ ni yóò fi gbé àpò náà. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí aláìsàn dé; ó gbọ́ ìbéèrè; ó rí bí bàbá ṣe dákẹ́ kó tó sọ̀rọ̀; ó mọ ohun tí bàbá sọ àti ohun tí bàbá mọ̀ tí kò sọ. Nígbà tí ọwọ́ tirẹ̀ bá wá kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ fún oníbàárà, bàbá ṣì wà lórí ẹní. Àwọn kan lè rò pé a kò fọkàn tán akápò ni. Ìtumọ̀ ọgbọ́n náà ni pé oníbàárà kò wá kí a fi òun kọ́ṣẹ́.

Òwe wa kan sọ ọ́ ní kúkúrú: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A máa ń pa òwe yìí bí ẹni ń yin àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i dáadáa: ènìyàn mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Àgbà wà níbẹ̀. Ìyá ọmọ tó ń rìn, tí kò rí ẹ̀yìn ara rẹ̀, wà níbẹ̀. Ọmọ náà sì wà níbẹ̀, tí orí rẹ̀ ń wọ́. Ìyá yẹn kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀dájú. Ibi tí ó dúró sí ni kò jẹ́ kó rí i. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí rí bí ìyá yìí gẹ́lẹ́. Àgbà ò gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, kò sì bú u láàárín ọjà; ó kàn tún orí ọmọ ṣe ni.

Àwọn elédè Faransé ní ọ̀rọ̀ kan fún irú iṣẹ́ yìí: «accompagnement». Inú ọ̀rọ̀ náà ni «compagnon» wà, tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní èdè Látìnì jẹ́ ẹni tí a jọ ń jẹ búrẹ́dì. Ní èdè tiwa, ọ̀rọ̀ tó bá a mu ni alábàárìn. Ẹni tó jọ ń rìn pẹ̀lú ènìyàn ni, kì í ṣe ẹni tó dúró lókè tó ń nàka. Ìdí nìyí tí alábàárìn kò fi lè jẹ́ alábẹ̀wò. Alábẹ̀wò wá láti wọn iṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọndandan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣí egbò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé? Irú ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí orílẹ̀-èdè wa. Nígbà tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé dá ètò IFADEM sílẹ̀ ní ọdún 2006 fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Wọ́n fún olùkọ́ ní ìwé láti kà níbi tó wà, wọ́n sì yan olùtọ́sọ́nà tì í. Ohun tí a ṣe fún olùkọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí a ṣe fún ẹni tí yóò di olórí.

Bébà àti aṣọ

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì le. Bí alábàárìn bá ń dá gbogbo àṣìṣe dúró, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní gbọ́n láé. Yóò kàn máa dúró de àṣẹ. Bí ó bá sì jẹ́ kó máa ṣàṣìṣe, ọmọ ni yóò san án. Kí ni kó ṣe?

Ìdáhùn tèmi wà ní ìsọ̀ aránṣọ. Iṣẹ́ olórí ní ibi tó jẹ́ bébà, ó sì ní ibi tó jẹ́ aṣọ. Ìpàdé tí a pè ní ọjọ́ ọjà tí òbí kankan kò sì wá, bébà ni. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí a gbìn lódì sí àsìkò òjò, bébà ni. Ètò kíláàsì tó da àwọn olùkọ́ láàmú fún ọ̀sẹ̀ méjì, bébà ni. Ohun tí a bàjẹ́ lónìí tí a lè tún ṣe lọ́la, ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ olórí bà á jẹ́. Kí alábàárìn di ẹnu rẹ̀ mú, kó sì wá béèrè lẹ́yìn náà pé: «Kí ni o rí? Kí ni ìwọ yóò ṣe bí ó bá tún kàn?» Ẹni tí a kò jẹ́ kó ba bébà jẹ́ yóò ba aṣọ jẹ́ níjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n yíyọ orúkọ ọmọ, lílé ọmọ jáde, dídá ẹjọ́ ọmọbìnrin tó lóyún, ọ̀rọ̀ olùkọ́ tí a fura sí pé ó ń ṣe ohun tí kò tọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, aṣọ ni gbogbo wọn. Nínú ìwọ̀nyí, kò tọ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ dá ìpinnu ṣe. Alábàárìn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ tirẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìwé. Èyí ni mo kà sí ojúlówó ìtọ́sọ́nà: kí ẹni tó ń tọ́ni gbà láti pín nínú ẹ̀bi. Ìmọ̀ràn tí ẹni tó fúnni kò ní jìyà rẹ̀ bí ó bá wọ́, ìmọ̀ràn olówó pọ́ọ́kú ni.

Ẹnìkan lè sọ pé abúlé jìnnà, alábàárìn kò sì lè wà níbi gbogbo. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìpinnu tó jẹ́ aṣọ kò pọ̀ lọ́dún, fóònù sì ti dé ibi tí ọkọ̀ kò dé. Ohun tó ṣòro ni kí ọ̀dọ́ olórí mọ èyí tó jẹ́ bébà yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ aṣọ. Bí alábàárìn bá lè kọ́ ọ ní ẹyọ kan yìí, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Abúlé náà jẹ́ olùkọ́

Alábàárìn kan ṣì wà tí a kì í kà kún un. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Olórí tó ti Àjàṣẹ́ tàbí Kùtọnu dé sí abúlé kan lẹ́yìn Pira tàbí Agoua lè jẹ́ ọ̀mọ̀wé, kó má sì mọ̀ pé ọjọ́ ọjà máa ń yí kiri, pé ìdílé méjì kan kì í jókòó pọ̀ nípàdé, pé àwọn ọmọ tó ń pẹ́ dé kọ́ ni ọ̀lẹ, odò ló kún. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé kankan. Ọwọ́ àwọn onílé ló wà. Ẹni tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé àwọn onílé ní nǹkan láti kọ́ òun, ibẹ̀ ni ìgbéraga ìwé sì ti máa ń pa wá lára. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ ìkíni, ó kéré tán, ní èdè Ìṣà, Mahi tàbí Ifè, kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín ahọ́n rẹ̀. Olórí tí àwọn ọmọ ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ nítorí pé ó ń kọ́ èdè wọn mọ bí ó ti rí lára ọmọ CI ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ Faransé.

Mo máa ń rò pé bí ẹnìkan bá ti sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé, «Lọ kí ìyá alákàrà, kí o sì máa lọ kí i lójoojúmọ́,» ọmọbìnrin yẹn ìbá ti ṣe ìdánwò rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ó kù.

Ṣé ẹni tí a kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Bí a bá fi sùúrù tọ́ olórí kan, tí abúlé fara da ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣé ó tọ́ kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìgboro lẹ́yìn ọdún méjì? Láyé àtijọ́ pàápàá, iṣẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ àtẹ̀gùn fún àwọn kan. Hubert Maga, tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Dàhòmì, di olórí ilé-ẹ̀kọ́ ní Natitingou ní ọdún 1945. Ní ọdún 1951 wọ́n dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kó má lọ. Ènìyàn kì í ṣe ẹrú ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ní ìyàwó tàbí ọkọ, ó ní ọmọ tirẹ̀ tó ń wá ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ní ìyá tó ń darúgbó níbòmíràn.

Síbẹ̀, gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Mo gbà pé ọ̀nà tí a fi ń san án kì í ṣe dídúró títí ayé. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán lọ sí abúlé bí ẹni tí a fìyà jẹ lè yàn láti ṣe é bí ẹni tí a dá lọ́lá. Lára ohun tó jẹ́ ti ọmọ ni pé kó má lọ láìfi arọ́pò sílẹ̀. Kó tó lọ, kó ti mú olùkọ́ kan níbẹ̀, kó jẹ́ kó gbé àpò tẹ̀lé òun fún ọdún kan: kó jẹ́ kó wà nípàdé, kó rí ìwé ìnáwó, kó mọ ilé àwọn ọmọ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ tí kò tíì gún ni abúlé yóò tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Gbèsè náà ti di sísan.

Ìjọba náà ní tirẹ̀. Kò tọ́ kí a máa kọrin ìfara-ẹni-rúbọ sí etí ẹni tí a kò fún ní ilé tí kò jò, tí a kò gbẹ́ kànga fún, tí a kò sì san owó rẹ̀ lásìkò. Ìwà rere olórí kì í ṣe aṣọ tí a ó fi bo àìṣedéédéé mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí olórí tó ti gbó dúró ní àwọn àbà Bantè àti Savalou, kó jẹ́ kí dídúró níbẹ̀ ní iyì àti èrè ju kíkúrò lọ.

Ọ̀rọ̀ sí àwa fúnra wa

Àwa tó ti fẹ̀yìntì nínú ẹgbẹ́ yìí, a pọ̀. Púpọ̀ nínú wa ti ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ rí, a sì mọ ibi tí a ti ba aṣọ jẹ́, bí a kò tilẹ̀ sọ ọ́ rí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, nígbà tí a bá tún pé jọ ní Savalou fún ọdún iṣu, a óò jẹ, a óò jó, a óò sì sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú ọ̀dọ́ olórí kan ṣoṣo kí ọdún ẹ̀kọ́ tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, kó fún un ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kó sì sọ fún un pé: «Bí ó bá kan ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ, pè mí kí o tó kọ̀wé.» Kó sì kọ́kọ́ sọ àṣìṣe tirẹ̀ fún un, kí ọ̀dọ́ náà lè mọ̀ pé kò sí ìtìjú nínú kó béèrè.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ọ̀kan nínú yín yóò di olórí láìpẹ́. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí wọn yóò yan alábàárìn fún yín. Ẹ wá a. Bí ẹ kò bá rí ẹni tó gba owó ìjọba fún un, ẹ wá ìyá tó ń ta àkàrà níwájú ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kí i kú òwúrọ̀, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.